Madame Fretageot ní New Harmony: ayé obìnrin olùkọ́ nílùú tí wọ́n ní gbogbo èèyàn dọ́gba

Ẹni tó bá ka ìtàn New Harmony, ìlú kékeré kan létí odò Wabash ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, orúkọ Robert Owen ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Wọ́n á sọ fún un pé Owen ra odindi ìlú náà lọ́dún 1825, pé èèyàn tó ń sún mọ́ 1,000 ló wọ́ lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé láìsí olówó, láìsí tálákà, àti pé kò pé ọdún mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi tú ká. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àmọ́ ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yẹn ti fi apá tó lọ́ràá jù nínú ìtàn náà sílẹ̀. Nígbà tí Owen kó ẹrù rẹ̀ tó sì lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà ò kú. Obìnrin kan ló dì í mú, òun náà ló sì ń ṣírò owó. Marie Duclos Fretageot lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, olùkọ́ sì ni.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú ohun tó lọ́ pọ̀ mọ́ra. Orúkọ kan ni New Harmony, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ èèyàn mẹ́ta ló lò ó, àwọn òǹkàwé sì máa ń pa wọ́n pọ̀.

Àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó lọ́dún 1814 jẹ́ ọmọ ìjọ kan tó ti Jámánì wá, George Rapp ni aṣáájú wọn. Onígbàgbọ́ paraku ni wọ́n. Wọ́n ń retí ìpadàbọ̀ Jésù lójoojúmọ́, wọ́n da ohun ìní wọn pọ̀, wọ́n sì gbà pé ó sàn kí ọkọ àti aya má ṣe bá ara wọn lò pọ̀ mọ́. Iṣẹ́ ò sú wọn: láàárín ọdún mẹ́wàá wọ́n ti kọ́ ilé bíi 180, wọ́n ní ọlọ, wọ́n ní ọgbà èso. Ìgbà tó yá, wọ́n ta gbogbo rẹ̀ fún Owen, wọ́n sì padà sí Pennsylvania.

Owen ní tirẹ̀ ò bá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ọmọ ilẹ̀ Wales ni, ó sì ti fi ilé iṣẹ́ òwú di olówó ní New Lanark, ní Scotland. Ohun tó gbà gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kò sẹ́ni tó mọ ìwà ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n ti tọ́ ọmọ dàgbà ló ń sọ ọ́ di ọmọlúwàbí tàbí èèyànkéèyàn. Tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọkàn ìlú, kì í ṣe ilé iṣẹ́, kì í sì í ṣe oko. Ẹni kẹta ni William Maclure, ọmọ Scotland tó di olówó ńlá, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, tó ti ya àwòrán ilẹ̀ tó fi irú òkúta tó wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà hàn láti ọdún 1809. Ìlú àjùmọ̀ní ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ Maclure lógún. Ilé-ẹ̀kọ́ ló wá ṣe. Òun ló kó àwọn olùkọ́ wá, Fretageot sì wà lára wọn.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Maclure kọ́ ló fa Fretageot wọ inú èrò Owen. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ gba ti Owen tọkàntọkàn, òun ló sì ń rọ ọ̀gá rẹ̀ pé kó fi owó rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá náà lọ́ra. Bí nǹkan ṣe wá yọrí sí lẹ́yìn náà, ẹ lè sọ pé ó yẹ kó lọ́ra.

Ọdún 1783 ni wọ́n bí Fretageot. Ó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Paris nígbà tí Maclure mọ̀ ọ́n, Maclure sì ràn án lọ́wọ́ láti kọjá sí Philadelphia lọ́dún 1821, kó lè dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ti ṣe ológun Napoleon rí, dúró sí Faransé. Ọmọkùnrin wọn, Achille, wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó ń sún mọ́ ogójì ọdún, tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì dán mọ́rán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun, tó sì jẹ́ pé owó ọkùnrin mìíràn ni ilé-ẹ̀kọ́ fi dúró. Àwọn lẹ́tà tí òun àti Maclure kọ síra wọn fún bí ọdún mẹ́tàlá ṣì wà títí dòní. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, owó àti èèyàn ló kún inú wọn.

Ọ̀nà ìkọ́ni tó ń lò ni ti Pestalozzi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland. Láyé ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé kíkọ́ fún ọmọdé ni pé kó há ọ̀rọ̀ sórí, kó kà á padà, kí ó sì jẹ pàṣán tó bá ṣì í. Pestalozzi ní rárá: kí ọmọ fojú rí nǹkan, kó fọwọ́ kàn án, kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣeé kà ni ọmọ máa fi mọ ìṣirò. Ilẹ̀ àti odò tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ kó tó gbọ́ nípa ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó ṣe dáadáa, kò sí ẹgba fún ẹni tí kò ṣe dáadáa. Lójú àwọn òbí kan, ìwà wèrè ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Maclure, Fretageot, Owen àti àwọn tó tó bí ogójì wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Philanthropist ní Pittsburgh. Wọ́n fẹ́ bá odò Ohio lọ sí Indiana. Thomas Say wà nínú ọkọ̀ náà, onímọ̀ nípa kòkòrò àti ìkarahun. Charles-Alexandre Lesueur wà níbẹ̀, ará Faransé tó ń ya àwòrán ẹja àti ẹranko. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, títí kan Lucy Sistare, ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Fretageot ní Philadelphia. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí odò fi dì. Yìnyín há ọkọ̀ mọ́ fún bí oṣù kan. Owen ò lè fara dà á, ó bọ́ sílẹ̀, ó gba orí ilẹ̀ lọ. Àwọn tó kù dúró. Òpin oṣù Kìíní ọdún 1826 ni wọ́n tó gúnlẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ìmọ̀ dé ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Wàyí o, kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ìlú tó ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́. Owen ti kéde láti 1825 pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wá, wọ́n sì wá lóòótọ́: ọlọ́gbọ́n, ọ̀lẹ, àgbẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn àríyànjiyàn ju oúnjẹ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n fòpin sí owó ní New Harmony. Rárá o. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń kọ iṣẹ́ kálukú sínú ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ìlú, kálukú sì ń gba ohun tó nílò lórí ohun tí wọ́n kọ fún un. Ẹni tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti kọ. Olùkọ́ ńkọ́? Ìyàwó ilé tó ń fọṣọ, tó ń se oúnjẹ, tó ń tọ́jú ọmọ, ta ni yóò ka wákàtí tirẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ti bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Nínú òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejì ọdún 1826, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ àgbàlagbà gbogbo dọ́gba, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ọ̀rọ̀ ńlá ni fún ayé ìgbà náà, nígbà tí ohun tí obìnrin bá ní ń di ti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n òfin ò ṣẹ́gi, òfin ò sì fọ abọ́. Àwọn obìnrin ni wọ́n pín iṣẹ́ ìdáná gbogbogbòò fún, pẹ̀lú iṣẹ́ ilé tiwọn tí kò kúrò nílẹ̀. Sarah Pears, tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ láti Pittsburgh, kọ lẹ́tà sílé pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára òun, inú rẹ̀ ò sì dùn rárá pé wọ́n fẹ́ gba àwọn ọmọ òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò máa gbé. Ọkọ rẹ̀ ló gbọ́ ìwàásù Owen tó sì gbà á. Ìyàwó ló ń jẹ iyà rẹ̀ nílé ìdáná.

Mi ò ní fi ohun kan pa mọ́ fún yín, nítorí pé àwọn tó ń yin New Harmony máa ń fò ó. Òfin ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, ti oṣù Karùn-ún ọdún 1825, ní ẹnikẹ́ni lè di ọmọ ẹgbẹ́, àyàfi àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n lè gbà wọ́n bí olùrànlọ́wọ́, tàbí kí wọ́n múra wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ dá irú ìlú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà tàbí níbòmíì. Ní ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ ẹrú ṣì ń kó àwọn ọmọ Yorùbá gba etíkun wa lọ sí Cuba àti Brazil. Ìdọ́gba tí wọ́n ń sọ ní odi yíká.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Àwọn ọmọ láti nǹkan bí ọdún méjì sí márùn-ún wà lọ́wọ́ Fretageot àti ìyàwó Joseph Neef, wọ́n lé ní 100. Ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọwọ́ tó kọ́kọ́ wà ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Àwọn tó lé ní ọdún márùn-ún títí dé 12 wà lọ́wọ́ Neef fúnra rẹ̀, ẹni tó ti bá Pestalozzi ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n tó 180 sí 200. Àwọn àgbàlagbà ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Say àti Lesueur. Lójú Maclure, ó yẹ kí ọmọ máa fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ bó ṣe ń kàwé: kó mọ bàtà rán, kó mọ ìwé tẹ̀, kó mọ igi gbẹ́, kí ohun tó ṣe sì lè bọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí ọmọbìnrin kọ́ ìmọ̀ kan náà tí ọmọkùnrin ń kọ́. Tó bá wá kan iṣẹ́ ọwọ́, abẹ́rẹ́ àti ìkòkò ni wọ́n fi lé ọmọbìnrin lọ́wọ́.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin náà sọ ìtàn bó ṣe rí nígbà tó di àgbà. Ìtàn rẹ̀ dára ju gbogbo ọ̀rọ̀ Owen lọ tí a bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á rán àwọn ọmọbìnrin mélòó kan lọ fún wàrà màlúù. Wàrà yẹn àti ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò nínú ìkòkò ńlá ni oúnjẹ àárọ̀. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fún wọn láti jẹ ẹ́. Ọ̀sán, ọbẹ̀ olómi. Alẹ́, ìyẹ̀fun àgbàdo àti wàrà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń rí búrẹ́dì. Ó ní òun ti pinnu pé bí òun bá jàjà jáde níbẹ̀, òun á jẹ ṣúgà àti àkàrà òyìnbó títí tí yóò fi pa òun. Wọ́n á tò bí ológun lọ sí Ilé Kejì, ilé bíríkì ńlá kan tí àwọn ọmọ ìjọ Rapp kọ́, tó ṣì wà lórí ìdúró. Pátákó ìkọ̀wé wà lára ògiri, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí wáyà sì wà fún ìṣirò. Lóòrèkóòrè wọ́n á tún tò wọ́n lọ sí ilé olóògùn, wọ́n á bu oògùn tó ń ta bí imí ọjọ́ sí ẹnu kálukú, aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le.

Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á sùn sórí ibùsùn kéékèèké tí wọ́n fi okùn so rọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti òrùlé. Ọmọ tó wà ní ìpẹ̀kun á fi tirẹ̀ jì, á lọ gbá ti ẹnì kejì, ti ẹnì kejì á gbá ti ẹnì kẹta, gbogbo ọ̀wọ́ á wá máa gbá ara wọn nínú òkùnkùn. Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyẹn. Wọ́n tún ní orin kan tí wọ́n fi ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹlẹ́dẹ̀ Ilé Kejì ni àwọn, tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n ń yọ́ jáde kí Neef àgbà má bàa rí wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọmọ náà ní òun rí bàbá àti ìyá òun láàárín ọdún méjì. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé o.

Kí ló dé tí wọ́n fi yà wọ́n nípa? Àwọn kan rò pé ìkà ni. Èrò Owen àti Maclure ni pé bó bá jẹ́ pé ibi tí ọmọ wà ló ń mọ ìwà rẹ̀, ilé òbí tó ti gbé ayé àtijọ́ yóò kó èérí rẹ̀ ràn án. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun gbọ́dọ̀ gbà á kó tó pẹ́ jù. Ìrònú náà mọ́gbọ́n dání lórí ìwé. Ẹni tó ń ru ẹrù rẹ̀ ni olùkọ́. Bí ìlú bá gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá 100, obìnrin mélòó kan ló wá di ìyá fún gbogbo wọn, ní ọ̀sán àti ní òru. Fún Fretageot, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní wákàtí ìparí. Owó oṣù tí olùkọ́ òde òní mọ̀ kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe nílé láti ayébáyé ló wá ń ṣe fún gbogbo ìlú, wọ́n kàn ń pè é ní iṣẹ́ olùkọ́ ni.

Ṣùgbọ́n, ẹ má ṣe tètè káàánú rẹ̀. Obìnrin náà le, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lọ́dún 1826, àwọn olùkọ́ dá dúró gẹ́gẹ́ bí Ẹgbẹ́ Ẹ̀kọ́ lábẹ́ Maclure, wọ́n gba ilé àti ilẹ̀ tiwọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Owen àti Maclure kọ ẹ̀yìn síra wọn nítorí owó. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ilé, wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n tó wá parí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1827 Owen fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó yá Maclure náà, tí òtútù Indiana ò bá lára mu, forí lé Mexico. Ta ló kù tó máa bójú tó ilé, ilẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, olùkọ́, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn gbèsè? Fretageot ni Maclure fi ṣe aṣojú rẹ̀.

Ìyẹn ni apá tí àwọn tó ń sọ pé "New Harmony kú lọ́dún 1827" kì í rí. Láti 1828 lọ, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń tẹ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní The Disseminator of Useful Knowledge. Láti 1830, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ American Conchology, ìwé Thomas Say lórí ìkarahun Amẹ́ríkà. Lucy Sistare, tó ti fẹ́ Say ní oṣù Kìíní ọdún 1827, ló ya ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àwòrán rẹ̀, òun àti àwọn mìíràn sì ń fi ọwọ́ kun wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ààlà ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ̀, níbi tí ìwé ti ṣọ̀wọ́n bí ojú, wọ́n ń tẹ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé sí Maclure ní Mexico láti ròyìn iye tó wọlé àti iye tó jáde ni olùkọ́ ọmọ-ọwọ́ àná.

Tí wọ́n bá wá bi mí pé ṣé obìnrin dọ́gba pẹ̀lú ọkùnrin ní New Harmony, ìdáhùn mi á dá lórí ẹni tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀. Sarah Pears ò dọ́gba. Fretageot ní agbára tí ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ló ní ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ṣùgbọ́n òfin Owen kọ́ ló fún un. Ọ̀gá kan tó fọkàn tán an, tó sì jìnnà sí i, ló fi lé e lọ́wọ́, ọ̀gá náà sì lè gbà á padà nígbàkígbà. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́ ni iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́dún 1831 ó fa iṣẹ́ lé Say lọ́wọ́, ó sì rìnrìn àjò lọ sí Faransé. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Mexico lọ́dọ̀ Maclure. Lọ́dún 1833 àrùn onígbáméjì ń jà níbẹ̀, ó sì pa á. Ẹni 50 ọdún ni. Say náà kú ní New Harmony lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Maclure gbé ayé títí di 1840, lẹ́yìn tó ti dá Working Men's Institute sílẹ̀ ní New Harmony lọ́dún 1838, ilé ìkàwé tó ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún aráàlú. Achille dúró sí New Harmony ní tirẹ̀, ó ń tajà. Lucy Say kó lọ sí apá ìlà-oòrùn, lọ́dún 1841 sì ni Academy of Natural Sciences ní Philadelphia dìbò yàn án, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọmọ ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ tí Maclure ṣe ààrẹ rẹ̀ fún ọdún tó lé ní ogún.